Èèkàn Ìrókò Abẹ́ Mọ́tò

Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń fi òwe tayín yìí, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé, "Omi tí èèyàn bá dí lọ́nà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò sùn"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Lánàá ni mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń ṣàlàyé rẹ̀ lórí rédíò. Ó ní láyé àtijọ́, odò kan wà, àwọn ará abúlé kan sì dí i. Odò wo? Abúlé wo? Díẹ̀ ló kù kí n ju bàtà lu rédíò náà. Òwe yẹn ò tíì pé ọdún mẹ́wàá! Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe pa á, inú mọ́tò tí èmi gan-an wọ̀ ni omi náà ti wá, bàtà mi tuntun ló sì bà jẹ́. Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ẹ pa ẹnu mọ́.

Ọmọ kan wà nílé ọkọ mi ní Apòmù, Ìṣọ̀lá lorúkọ rẹ̀. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo pè é bẹ́ẹ̀ o, torí ó ti ń rá kí wọ́n tó gbé mi wọlé, ìyàwó ilé kì í sì í pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Adúmáradán ni mo ń pè é. Ọmọ àbúrò ọkọ mi ni, ọwọ́ wa ló sì dàgbà sí lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Káfíńtà ni, kì í sì í ṣe káfíńtà jákujàku. Bí Adúmáradán bá kan ilẹ̀kùn, èèrà ò ní rí àyè kọjá. "Ìyá mi," ni yóò wí, "ohun tí mo bá ti dí, ó dí nìyẹn." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ó ra mọ́tò tòkunbọ̀ kan. Éésì inú rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù tí àwọn akọ̀wé ń wí yẹn, tutù débi pé ọkọ mi a máa lọ jókòó sínú mọ́tò náà lọ́sàn-án nígbà tí kò lọ ibì kankan. Àléébù kan ṣoṣo ló ní. Bí wọ́n bá ti tan éésì náà báyìí, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kán lábẹ́ mọ́tò, tó, tó, tó. Àwọn ará àdúgbò bá sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. "Káfíńtà, mọ́tò rẹ tún ti tọ̀ o! Wá wá ìlédìí fún un!"

Ó gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Ìyẹn rẹ́rìn-ín títí.

"Ọ̀gá káfíńtà, òógùn éésì ni. Ṣé ẹ ti rí bí ara ife omi tútù ṣe máa ń ṣe omi? Bákan náà ni. Wọ́n ti fi ọ̀pá rọ́bà kékeré kan sábẹ́ mọ́tò tí omi náà ń gbà jáde. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá kán mọ́ ni kẹ́ ẹ sáré wá."

Adúmáradán gbọ́. Ì bá sì fi sílẹ̀ lóòótọ́, bí kì í bá ṣe ti ìfẹ́.

Nọ́ọ̀sì kan ló rí, Mojírádé, ọmọ Ẹjìgbò. Ọmọ náà dára, ó mọ̀wà hù, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára Adúmáradán. Bàbá rẹ̀ nìkan ni wàhálà. Wolé-wolé ni bàbá náà, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń wọ ilé onílé kiri láti wo ìkòkò omi àti gọ́tà. Ìjọba ti ní kó lọ sinmi, kò gbà. Láràárọ̀ ló ń wọ kákí, tó ń gbé tọ́ọ̀ṣì, tó ń tú ìkòkò aládùúgbò wò. Àgbàlá rẹ̀ mọ́ ju àwo tí ẹ fi ń jẹun lọ. Ọkùnrin méjì ti wá tọrọ Mojírádé rí. Èkíní tu kóró ọsàn sílẹ̀ lójú àgbàlá, ó ní kì í ṣe òun, bàbá ní kó máa lọ. Ọ̀kadà èkejì kán epo sẹ́nu ọ̀nà, òun náà sẹ́, kò tiẹ̀ ráyè kí wọn tán.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta ká lọ tọrọ ọmọ, Mojírádé wá kúnlẹ̀ síwájú mi.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Mo ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí bàbá mi bá lé èyí náà, ó tán fún mi nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan kán sójú àgbàlá wa."

Omi dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Mo jíṣẹ́ fún Adúmáradán. Ó mú ẹ̀là igi ìrókò kan, ó jókòó, ó ń gbẹ́ ẹ, ó ń fi yanrìn-pépà ha á. Èèkàn kékeré ni, kò ju ọmọńdinrín mi lọ, ó sì ń dán. Ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó ki èèkàn náà bọ ẹnu ọ̀pá rọ́bà tí mẹkáníìkì wí, ó fi òòlù gbá a wọlé.

"Ìyá mi, ó parí. Kò ní kán mọ́ láyé."

"Omi náà wá ńkọ́?"

"Yóò gbẹ síbẹ̀."

Mo dákẹ́. Ẹ̀bi tèmi náà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a gbéra. Adúmáradán ń wakọ̀, ọkọ mi jókòó síwájú nínú agbádá funfun, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú iṣu. Àpò iyọ̀ tí a fẹ́ gbé fún àna wà nílẹ̀ níwájú, lẹ́sẹ̀ ọkọ mi. Oòrùn ọjọ́ náà ò ṣeé wí. Wọ́n tan éésì, ọkọ mi sì na ẹsẹ̀.

Nígbà tí a dé Gbọ̀ngán, Adúmáradán ní, "Bàbá, ẹ ti mu tíì ife méjì kí á tó jáde. Ṣé kí n dúró kẹ́ ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?"

"Kí n máa fi agbádá funfun wọ́ inú igbó? Wakọ̀ jàre. Ó di Ẹjìgbò."

Kò pẹ́ tó fi sùn lọ, tó ń hanrun.

Ẹ̀yin ti mọ ohun tí àwa ò mọ̀. Omi éésì tí kò rí ọ̀nà jáde ń kún níbi tó wà, níwájú ọkọ mi gan-an, lókè itan rẹ̀. Nígbà tí a kọjá Ṣẹ̀kọ̀nà díẹ̀, ewúrẹ́ mẹ́ta bọ́ sójú ọ̀nà, Adúmáradán tẹ bíréèkì. Mo gbọ́ nǹkan, ṣàà! Mo rò pé iṣu ló yí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọkọ mi jí. Ó fọwọ́ kan itan rẹ̀. Ó dúró. Ó tún fọwọ́ kàn án. Ó wá rọra fa agbádá bò ó, ó sì kọjú sí fèrèsé.

Adúmáradán wẹ̀gbẹ́, ó sì rí i. Ojú òun àtèmi pàdé nínú dígí mọ́tò. Ẹ gbà mí! Bàbá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, bàbá tó tọ́ ọ dàgbà, tó fẹ́ lọ bá ọ tọrọ ìyàwó, ta ni yóò la ẹnu sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ ti tọ̀ sára"? Ọmọ tó bá gbẹ̀kọ́ ò lè sọ ọ́. Ohun tó rí ṣe nìkan ló ṣe: ó yí éésì sókè, kí afẹ́fẹ́ lè mú kí ṣòkòtò bàbá rẹ̀ gbẹ.

Bó ṣe ń yí i sókè ni omi ń pọ̀ sí i. Bí omi ṣe ń pọ̀ sí i náà ló ń yí i sókè. Nígbà tí a fi dé Ẹdẹ, eyín mi ń gbá ara wọn, omi sì ti gba abẹ́ àga dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn, ó ti wọ inú bàtà mi tuntun. Mo wo ilẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn orí ọkọ mi. Mo ní nínú ara mi pé, ó ṣe! Ogójì ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, kò ṣe é rí. Àbí àìsàn ni? Gbogbo omi yìí, lára ọkùnrin kan ṣoṣo?

Mo bọ́ ìró òkè, mo nà án sí i níwájú. "Ẹ gbà, Bàbá Dépò. Òtútù ń mú yín."

"Òtútù ni," ó wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ró o mọ́ ìdí. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo sunkún títí a fi kọjá Awó.

A dé Ẹjìgbò. Bàbá Wolé-wolé dúró sẹ́nu géètì nínú kákí. Kò kí wa. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ mọ́tò lọ́sàn-án gangan. Ó wò ó títí. Kò sí ẹ̀kán kan níbẹ̀.

"Ọkọ̀ tó mọ́," ó wí. Mojírádé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fọwọ́ bo ẹnu, inú rẹ̀ dùn. Adúmáradán mí kanlẹ̀, ó yípo lọ ṣílẹ̀kùn fún bàbá rẹ̀.

Yéè! Omi wọ́! Ó ya jáde láti inú mọ́tò, ó gbé bàtà ọkọ mi ẹsẹ̀ kan dání, ó ṣàn gba ojú àgbàlá tí wọ́n gbá láràárọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ó lọ dúró sẹ́sẹ̀ Bàbá Wolé-wolé. Ọkọ mi sọ̀kalẹ̀ tòun ti ìró mi nídìí.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ṣí fìlà. "Àna mi, ẹ forí jì mí. Ogbó ló dé. Èmi ni mo ṣe é."

Kó tó pa ẹnu dé, Adúmáradán ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ náà. "Irọ́ ni, sà! Bàbá mi ò ṣe nǹkan kan! Èmi ni mo tọ̀ ọ́!"

Èmi náà bá kúnlẹ̀. Kí ni ǹ bá ṣe? "Ẹ má dá àwọn méjèèjì lóhùn. Èmi ni. Àtọ̀gbẹ ló ń bá mi jà." Àtọ̀gbẹ kankan ò ṣe mí rí.

Bàbá Wolé-wolé wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìlú mẹ́sàn-án ni mo ti ṣiṣẹ́ yìí. Mo ti yẹ ṣáláńgá ilé-ìwé tó ní igba ọmọ wò. Kò sí èèyàn mẹ́ta tó lè tọ èyí." Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. "Kò rùn." Ó ti ìka bọ̀ ọ́. Kí a tó pariwo, ó ti fi ìka kan ahọ́n.

"Bàbá mi!" Mojírádé kígbe.

"Ó níyọ̀," ni bàbá wí.

Ọkọ mi ká ọwọ́ lérí. "Mo gbé!"

Ìgbà yẹn ni ojú mi lọ sínú mọ́tò. "Àpò iyọ̀! Àpò iyọ̀ tí a gbé bọ̀! Ó ti yọ́ tán!" Àpò náà ló dùbúlẹ̀ pẹlẹbẹ yẹn, kò ku ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀.

Bàbá Wolé-wolé ti wọ abẹ́ mọ́tò. A gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀. "Ta ló kan èèkàn mọ́ ibí?"

Adúmáradán ò tíì dìde nínú ẹrẹ̀. "Èmi ni, sà. Omi éésì ni mo dí, kó má bàa kán sójú àgbàlá yín. Ẹ̀rù ló bà mí. Wọ́n ní ẹ ò ní fún mi ní Mojírádé. Mi ò sì lè gbé láìsí i, sà."

Bàbá fọwọ́ fa èèkàn náà, kò wá. Ìrókò ti mu omi, ó ti wú. Ó ní kí wọ́n gbé pílásì wá. Ó fi ẹsẹ̀ ti táyà, ó fà, ó fà, ó ní "họ́ọ̀!" Èèkàn já pọ́ọ̀! Gbogbo omi tó kù dà sí i lójú, ó wọ inú kọ́là kákí.

Mo dìde, mo ń wá bàtà mi, torí ó dá mi lójú pé Apòmù yá. Àṣé ẹ̀rín ni mo ń gbọ́. Bàbá Wolé-wolé dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Nígbà tó jáde, ó di èèkàn náà mú. "Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń wọ ilé onílé, ohun kan ṣoṣo ni mo ń sọ: ẹ jẹ́ kí omi rí ọ̀nà lọ. Wọn ò gbọ́. Omi tí èèyàn bá dí lọ́nà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò sùn." Ó wá yíjú sí Adúmáradán. "Dìde. Àwọn méjì tó ṣáájú rẹ, wọ́n ba àgbàlá mi jẹ́, wọ́n ń purọ́ kí wọ́n lè gba ara wọn là. Ìwọ dọ̀bálẹ̀ sínú ohun tí o rò pé ìtọ̀ ni, o sì purọ́ kí bàbá rẹ má bàa tẹ́. Mojírádé, gbé aṣọ gbígbẹ wá fún ọkọ rẹ."

Ẹ ò rí bí ọmọ náà ṣe sáré.

Kí a tó lọ, bàbá ní ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ òun ń jò, ẹni tó gbẹ́ èèkàn tí pílásì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè fà ni yóò wá ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kejì ló lọ ṣe é.

Bí ìtàn náà ṣe parí nìyẹn lójú gbogbo ayé. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi pè mí wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn.

"Ìyá Dépò, omi éésì pọ̀ níbẹ̀ o. Mi ò jiyàn."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Ṣùgbọ́n o rántí tíì ife méjì tí mo mu? O rántí pé mi ò gbà kí á dúró ní Gbọ̀ngán?"

"Mo rántí."

Ó wo ilẹ̀. "Kì í ṣe gbogbo omi ara ṣòkòtò mi ló ti ara mọ́tò wá."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ ọkùnrin orí rédíò yẹn, ẹ sọ fún un pé kò sí odò, kò sí abúlé. Káfíńtà kan ló dí ti mọ́tò, àgbàlagbà kan ló sì dí ti ara rẹ̀. Ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀, ọkọ mi ló ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Omi tí èèyàn bá dí lọ́nà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò sùn.