Zuurakan Ohùn Wúrà àti Àwọn Ọmọ Tó Kọ̀ Tí Wọn Ò Yọ́

Wọ́n ní ọmọ mẹ́tàlélógún di yìnyín ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi wa ní ìlú Naryn. Wọ́n ní ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì kí wọ́n tó yọ́, pé tíì gbígbóná ni wọ́n ń dà sí wọn lẹ́sẹ̀, àti pé ìka ọmọ kan ṣì wà nínú fìríìjì ọ̀gá ilé-ìwé títí di òní. Obìnrin tó ń ta kárọ́ọ̀tì lọ́jà sọ fún mi pé Ayaba Òtútù ló sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, tó fún àǹtí olórin wa lọ́rùn, tó sì gba ohùn rẹ̀ lọ.

Mo bi í pé, "Ta ló sọ fún yín?"

Ó ní, "Àǹtí olórin yín fúnra rẹ̀ ni."

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí èmi Kanishay wà níbẹ̀. Èmi ni mo ń nu imú àwọn ọmọ náà, èmi ni mo ń so okùn bàtà wọn, èmi náà ni mo ń tẹ ẹ̀rọ tó ń kọrin.

Àǹtí Zuurakan ni olùkọ́ orin àti ijó wa. Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ o! Zuurakan Ohùn Wúrà ni kí ẹ pè é. Ẹyẹ Orí Òkè. Ọ̀gá Orin, Ọ̀gá Ijó, Ọ̀gá Àtẹ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo oyè yìí sára ilẹ̀kùn yàrá orin, tó sì lẹ fọ́tò ara rẹ̀ mọ́ ọn, èyí tí wọ́n yà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún. Dígí mẹ́ta ló wà nínú yàrá orin. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo níbi tí àwọn ọmọ ti ń múra.

Tí yìnyín bá ti bo ojú ọ̀nà báyìí, ìgbà tirẹ̀ dé nìyẹn. Ní ìparí ọdún, àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ jó níwájú òbí wọn: àwọn obìnrin á di èérún yìnyín, àwọn ọkùnrin á di ehoro, Bàbá Òtútù á sì gbé àpò súìtì wọlé. Gbogbo ìyá ló fẹ́ kí ọmọ tòun wà ní ìlà iwájú. Zuurakan mọ̀ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ kì í sì í bàjẹ́ sí i.

Ìyá kan gbé sósèjì ẹran ẹṣin dé, ó gùn tó apá mi. Kò tíì jókòó tí Zuurakan fi pariwo pé, "Háà! Ọmọ yín yìí ní ẹ̀bùn!"

Òótọ́ ni. Ẹ̀bùn náà wà nínú ọ̀rá, òróró rẹ̀ ń kán sílẹ̀.

Ẹni tó mú oyin wá, ọmọ rẹ̀ bọ́ sí ìlà iwájú. Ẹni tó mú bọ́tà wá, ìlà kejì. Ẹni tó bá mú "ẹ ṣé gan-an ni, àǹtí" wá, ìyẹn bọ́ sẹ́yìn níbi ògiri, níbi tí ọmọ ti lè máa jó fún ìkélé.

Ibi ògiri gan-an ò sí fún Begimay. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ló ń gbé. Sabyrbek bàbá rẹ̀ ti ń to bíríkì ní Mọsiko láti ọdún méjì, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fún un láti wá fi ṣọdún nílé. Kò sẹ́ni tí Begimay ò sọ fún: èmi, ìyá onísè, àti ológbò ọgbà.

"Bàbá mi ń bọ̀ wá wò mí tí mo bá ń jó! Ọjọ́ mẹ́ta ló ní!"

Ìyá àgbà náà mú ohun tó ní wá, ìyẹn kurut, wàrà gbígbẹ tó le bí òkúta, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká ní róbótó-róbótó.

Zuurakan fi ìka méjì ti àpò náà padà. "Màmá, ẹ má bínú. Eyín mi ò gba nǹkan líle."

"Kò burú, ọmọ mi. Máa lá a."

Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, mo sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ rẹ́rìn-ín mi níbẹ̀. Àmọ́ ní ọjọ́ kejì, Begimay ti di Òkìtì Yìnyín. Iṣẹ́ òkìtì ni pé kó sùn sílẹ̀ lẹ́yìn igi ọdún, kí wọ́n da aṣọ funfun bò ó látorí dé ẹsẹ̀, kó má sì mira láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Ipò ńlá ni o!" ni Zuurakan wí. "Tí kò bá sí òkìtì, ibo ni àwọn èérún fẹ́ bọ́ sí?"

Begimay rò ó díẹ̀. "Ṣé bàbá mi á rí mi?"

"Á rí aṣọ náà."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Ẹ gbọ́ bí ijó náà ṣe rí. Tí orin bá ń dún, àwọn ọmọ á máa fò, wọ́n á máa gbọn ìbọ̀wọ́, wọ́n á máa fi bàtà lu ilẹ̀ gbì-gbì. Tí orin bá dákẹ́, "Dì!" Kí kálukú dúró bó ṣe wà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mira àfi tí Orin Yíyọ́ bá dún.

"Ẹni tó bá mira kí Orin Yíyọ́ tó dún," ni Zuurakan fi ń dẹ́rù bà wọ́n lójoojúmọ́, "Bàbá Òtútù ò ní fún un ní súìtì." Àwọn ọmọ wa kì í fi súìtì ṣeré.

Ta ló máa wá kọ Orin Yíyọ́? Òun náà ni, nínú aṣọ Ayaba Òtútù, ẹsẹ orin mẹ́sàn-án gbáko, ẹsẹ kan fún ẹ̀yà ara kan: èjìká á kọ́kọ́ yọ́, lẹ́yìn náà ọrùn, kí ìyókù sì dúró bí igi títí yóò fi kàn án. Màdáàmù Jumagul ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, ó fẹ́ mú olùkọ́ orin kan lọ sí Bishkek, olú-ìlú wa. Zuurakan ti di ẹrù rẹ̀.

Ohùn wúrà náà ńkọ́? Inú ẹ̀rọ ló wà. Ohùn obìnrin kan tó rí lórí fóònù ni. Èmi á tẹ bọ́tìnnì, òun á máa la ẹnu.

"Kanishay, tí o bá sọ fún ẹnikẹ́ni, póò àwọn ọmọ ni wàá máa fọ̀ títí wàá fi darúgbó."

"Mi ò ní sọ, àǹtí mi. Àmọ́ tí iná bá lọ ńkọ́?"

Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí ẹlẹ́ẹ̀kejì. "Iná wo? Iná ò tó bẹ́ẹ̀ kó lọ lójú mi."

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu, gbogbo òbí wọ kóòtù bí àgbò onírun. Màdáàmù Jumagul jókòó níwájú pẹ̀lú fìlà onírun rẹ̀. Sabyrbek dúró lẹ́nu ọ̀nà, yìnyín ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ó fi ojú wá gbogbo ìlà, ó wá rọra fà mí láṣọ.

"Àǹtí, èwo ni tèmi nínú wọn?"

"Aṣọ funfun yẹn, lẹ́yìn igi."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Òkìtì ni."

Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́.

Orin dún, àwọn ọmọ fò. Orin dákẹ́. "Dì!" Gbogbo wọn dúró gbagidi: Nurdin ehoro wà lórí ẹsẹ̀ kan, èérún kan ki ìka bọmú, òmíràn la ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Zuurakan wọlé. Adé orí rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan àjà, aṣọ rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé e. Mo tẹ bọ́tìnnì. Áà, ohùn náà! Màdáàmù Jumagul di ojú. Ẹsẹ kìíní lọ, èjìká gbọ̀n, ẹsẹ kejì bẹ̀rẹ̀...

Iná lọ.

Ọ̀sán ni, a ṣì ń ríran dáadáa láti ojú fèrèsé. A rí Zuurakan tí ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò, tí ọwọ́ rẹ̀ wà láyà, tí nǹkan kan ò jáde.

Ìyá arúgbó kan bi aládùúgbò rẹ̀, "Ṣé etí mi ló di ni?"

Zuurakan wò mí. Mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Kí ló kù tó lè ṣe? Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn onírin tó ti dípẹtà há mọ́. Àwọn ọmọ ò mira.

"Ẹ yọ́!" ó ń fi eyín sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin ọmọ, mo ní kí ẹ yọ́!"

Nurdin ò la ẹnu púpọ̀. "Orin Yíyọ́ kọ́ nìyẹn, àǹtí."

"Òun ni!"

"Kì í ṣe òun. Orin Yíyọ́ dùn."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Nurdin dìde: "Ọmọ mi, sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, jọ̀ọ́." "Rárá o! Súìtì mi ńkọ́?" Bàbá Òtútù alára wá ń bẹ̀ wọ́n, ó búra pé kálukú á gba méjì-méjì. Wọn ò gbà. Omijé ń ṣàn lójú èérún kan, kò nù ún.

"Olùkọ́," ni Màdáàmù Jumagul wí, "ohùn ta ni a ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan?"

"Tèmi ni, màdáàmù. Òtútù ló mú mi lọ́fun."

Orin kan wá ti abẹ́ aṣọ funfun jáde, tín-ín-rín, ó mọ́ gaara:

*Yọ́ o, yìnyín, yọ́,*
*ọwọ́ mi ti lọ́wọ́ọ́wọ́,*
*èjìká, ẹ gbọ̀n!*

Èjìká mẹ́rìndínláàádọ́ta gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Òkìtì dìde, ó ń rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn igi, aṣọ náà sì jábọ́ lórí rẹ̀. Begimay kọ ọrùn, wọ́n yí ọrùn. Ó kọ ìdí, wọ́n mi ìdí. Nurdin fi ẹsẹ̀ kejì kanlẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Sabyrbek tẹ èèyàn mẹ́ta mọ́lẹ̀ kó tó dé iwájú. Ọmọ rẹ̀ rí i, ojú rẹ̀ tàn bí ògo oòrùn, àmọ́ kò dákẹ́: ó kọ ẹsẹ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

"Ta ló kọ́ ọmọ yìí?" ni Màdáàmù Jumagul bèèrè.

"Èmi ni o!" Zuurakan sáré gbá a mọ́ra. "Ó pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀bùn ọmọ yìí."

Begimay bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Wọ́n ní kí n má mira. Wọn ò ní kí n má gbọ́."

"Ẹ̀bùn wo lo rí?" Ìyá àgbà ti dìde, ó ń mi àpò. "Ẹ̀bùn mi rèé, ìwọ lo ní eyín ń dùn ọ́!"

Ó wá di ariwo. "Sósèjì tèmi ò dùn ún léyín!" "Ọ̀rá bọ́tà méjì ni mo gbé wá, ọmọ mi sì wà lẹ́yìn Nurdin!" Kálukú ń tú àṣírí ara rẹ̀, Màdáàmù Jumagul sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò gbójú sókè.

Zuurakan gbá ẹnu mú, ó ń fẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Àfi pàù, iná dé. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o! Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kejì, ohùn wúrà gba gbọ̀ngàn kan, ọwọ́ onítọ̀hún sì wà lórí ẹnu rẹ̀ tó dì pa. Àwọn ọmọ gbọ́ Orin Yíyọ́. Wọ́n pagbo yí i ká, wọ́n ń jó, wọn ò jẹ́ kó rọ́nà jáde títí orin fi parí.

Ẹlòmíràn ló lọ sí Bishkek. Sabyrbek lo ọjọ́ mẹ́ta rẹ̀ pé, ó sì gbé Begimay sí èjìká káàkiri ìlú, ọmọ náà ń kọrin fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Zuurakan ló wà lọ́jà tó ń sọ ti ayaba orí òkè.

Kò sí ayaba kankan: iná mànàmáná ló lọ, fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré.