Akínfẹ́nwá Mẹ́tàlá Lórí Máàpù

Bí jígí bá ní ẹnu ni, àwọn jígí tó wà ní ọjà Trade Fair ì bá ti fẹjọ́ Olúgbóyèga Akínfẹ́nwá sùn tipẹ́. Jígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ló ń tà, tọ̀tún-tòsì, kò sì sí ọ̀kan tó tà rí tí kò kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Oníbàárà a dúró sójú oòrùn, ọ̀gá a máa tún fìlà ṣe. "Ẹ wo bó ṣe mọ́ kedere," ni yóò wí, oníbàárà kò sì ní í mọ̀ bóyá jígí ló ń yìn tàbí ojú ara rẹ̀.

Olóyè ló ń pe ara rẹ̀, kò sì sí ọba tó já ewé lé e lórí. Ẹnjinníà tún ni pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ àga ilé rẹ̀ ni ohun tó tún ṣe gbẹ̀yìn, àga náà sì ń mì títí dòní. Olúgbóyèga, a-gbé-oyè-ga-kí-oyè-tó-dé! Akínfẹ́nwá, ọkọ jígí, a-rí-ojú-ara-rẹ̀-kí-kábíyèsí! Kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Kò mú ohun ẹlòmíràn rí. Orúkọ ló ń pa á bí òǹgbẹ.

Ibi tó wá lọ ń gbé ló kù díẹ̀ káàtó. Níbòmíràn l'Ékòó, ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ́lé sí àdúgbò, kó tó kun ilé náà lọ́dà, títì ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní Festac, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe róòdù, A-B-D ni wọ́n fi ń pe kúlọ́ọ̀sì, àwọn títì kéékèèké tó yà lára róòdù. Ọdún mọ́kànlélógún ni Akínfẹ́nwá ti ń gbé ní Róòdù 417. Ọkùnrin tó fẹ́ kí títì máa jẹ́ orúkọ òun, ó wá ń fi ọdún mọ́kànlélógún júwe ilé ara rẹ̀ bí ẹni ń ka ìṣirò. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Nígbà tí kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó lọ bá ẹni tó ń kọ pátákó ní Agboju. Ó ní kó kọ ọ́ gàdàgbà ní ọ̀dà funfun: ÒPÓPÓNÀ OLÓYÈ ẸNJINNÍÀ OLÚGBÓYÈGA AKÍNFẸ́NWÁ. Ó gùn débi pé irin méjì ni wọ́n jó pọ̀ kó tó gba gbogbo rẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n tọ́jú pátákó náà sí, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun.

"Dádì Débọ́lá," ni Ẹ̀bùnlọlá ìyàwó rẹ̀ wí, "irin yín tún ti ya ráápà mi o. Ìgbà wo lẹ máa gbé e jáde?"

"Láìpẹ́."

"Láti Ọdún Àjíǹde lẹ ti ń wí láìpẹ́."

Ẹni tó lè fún pátákó nílẹ̀ ni Màmá Fọláránmi, alága ẹgbẹ́ àwọn onílé Róòdù 417. Ọ̀gá ilé-ìwé gírámà ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í gba àwáwí. Nígbà tí Akínfẹ́nwá kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ pátákó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìbéèrè kan péré ló bi í.

"Ta ló ń fi orúkọ yín pe róòdù yìí?"

Akínfẹ́nwá ro ó títí, kò rí ẹnì kan.

"Ẹ padà wá tẹ́ ẹ bá rí ẹnì kan," ni Màmá wí.

Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà títí di ìpàdé oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Géètì ẹ̀yìn ló fa ìpàdé ọjọ́ náà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti fi irin jó géètì náà pa nítorí àwọn olè, ṣùgbọ́n máàpù tí gbogbo èèyàn ń lò lórí fóònù ṣì gbà pé ó ṣí. Àlejò tó bá ń bọ̀, ibẹ̀ ló ń darí wọn sí. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wẹ ojú egbò ẹsẹ̀ Màmá Fọláránmi fúnra rẹ̀ dúró lẹ́yìn géètì náà fún odidi wákàtí kan, ó ń wo ilé ìyá náà láàárín irin.

Dorothy ló dìde. Kúlọ́ọ̀sì D ni wọ́n bí ọmọbìnrin náà sí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe ní Apple Junction.

"Ẹ jẹ́ ká yan máàpù mìíràn, mà," ló wí. "Ọ̀kan wà tí kò sí ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá mọ ibì kan ló ń kọ ibẹ̀ sí i, gbogbo ayé á sì máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá ti gbà á sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, kò ní í jẹ dátà yín mọ́, kò sì ní í máa ṣọ́ ibi tẹ́ ẹ bá lọ."

"Kò ní í ṣọ́ wa?" ni Tàjúdéènì béèrè, ọmọ Ìsẹ́yìn tó jẹ́ alága àwọn oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá. "Ó wù mí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi nìkan ti tó í ṣọ́ mi."

"Ohun ọ̀fẹ́ yìí," ni Màmá Fọláránmi wí, "ṣé kò ní í sọ àlejò wa nù?"

"Àwa la máa kọ ọ́, mà. Òótọ́ tá a bá kọ sí i ló máa sọ."

Akínfẹ́nwá ti ń tòògbé láti ìgbà tí wọ́n ti gbàdúrà tán. Ojú rẹ̀ là wáí.

"Dorothy, ọmọ mi. Orúkọ títì ńkọ́? Ta ló ń kọ ìyẹn?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n ni, sà. Ṣùgbọ́n òfin kan wà o. Orúkọ tí àwọn èèyàn ń pè é lóòótọ́ la gbọ́dọ̀ kọ, kì í ṣe èyí tó wù wá."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ wọ etí ọ̀tún Akínfẹ́nwá, ó sì jókòó síbẹ̀. Èkejì gba etí òsì jáde lọ. Ó fò dìde. "Mo fara mọ́ ọn! Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa tá a wà nílé ló yẹ ká sọ ọ́!" Ẹnu ya gbogbo wọn, nítorí pé kò fara mọ́ ohunkóhun rí tí kì í bá ti í ṣe òun ló dá a lábàá.

Wọ́n yan máàpù ọ̀fẹ́ náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́ta ni Dorothy àti àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fi rìn káàkiri, tí wọ́n ń kọ géètì tó ṣí àti géètì tí kò ṣí. Akínfẹ́nwá náà ra fìlà tuntun fún iṣẹ́ náà. Ó ya fótò pẹ̀lú wọn, ó sì padà sílé lọ jẹun. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọ́fíìsì rán Dorothy lọ sí Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́ tó lọ gan-an ni Akínfẹ́nwá jókòó ti fóònù. Máàpù ní kó kọ orúkọ tí yóò máa lò. Orúkọ ìnagijẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó ń wá orúkọ kiri ni yóò fi orúkọ pamọ́? "Olóyè Ẹnjinníà Akínfẹ́nwá" ló kọ. Ó fi fótò tì í, èyí tó yà níwájú jígí ńlá. Lẹ́yìn náà ló pa 417 rẹ́, ó sì tẹ orúkọ ara rẹ̀ sójú títì.

Máàpù béèrè pé kí ni ìdí tó fi yí i padà. Ó kọ ọ́ pé: "Ìfẹ́ gbogbo ará ìlú ni."

Ìgbà tó tún máàpù náà ṣí, tó rí orúkọ rẹ̀ tó nà gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títì dé òpin, omi bọ́ lójú rẹ̀. Inú ọkùnrin náà dùn lóòótọ́. Bó bá mọ níwọ̀n ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó wò ó pé títì rẹ̀ dá nìkan wà. Ó fi orúkọ rẹ̀ sọ rọ́ńdábáòtù. Ìdí: "Nítorí iṣẹ́ takuntakun rẹ̀." Ó fi sọ kúlọ́ọ̀sì mẹ́ta, géètì méjì, igi máńgòrò, afárá orí gọ́tà, ẹ̀rọ omi, ibi tí kẹ̀kẹ́ ń dúró sí, àti pápá tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìdí: "Àwọn ọ̀dọ́ ló bẹ̀bẹ̀."

Ó wá ku ààtàn tó wà ní ẹnu títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí kẹ̀kẹ́ ń dúró sí. Ó kọ ọ́ sí i pé: "Ọgbà Ìgbafẹ́ Akínfẹ́nwá." Ìdí: "Ó rẹwà."

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, Akínfẹ́nwá mẹ́tàlá ló wà lórí máàpù. Ó gbé fóònù lọ bá Màmá Fọláránmi.

"Ẹ ní kí n mú ẹnì kan wá, mà. Gbogbo ayé ni mo mú wá. Máàpù ti sọ ọ́."

Màmá wọ awò, ó wo fóònù, ó wo Akínfẹ́nwá. "Ó dáa," ló wí níkẹyìn. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́rin, a ó gbìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ júwe ọ̀nà fún àlejò kankan. Máàpù yẹn ni kí wọ́n fi wá. Tí wọ́n bá dé, pátákó dúró. Tí wọn ò bá dé, pátákó padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Ta ló sọ fún yín pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà?"

"Gbogbo róòdù ló mọ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n po sìmẹ́ńtì, wọ́n to ogójì àga oníke. Pátákó fẹ̀yìn ti ògiri, aṣọ funfun bò ó. Dorothy ti dé láti Ìbàdàn lálẹ́ àná, ó sì gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá jáde kó lè fi máàpù tuntun han àwọn àlejò. Gbogbo ẹni tí Akínfẹ́nwá pè ló ti sọ fún pé, "Ẹ kàn tẹ Akínfẹ́nwá, á gbé yín dé ẹsẹ̀ mi."

Aago mẹ́rin lù. Ó kọjá ogún ìṣẹ́jú. Àwọn ará ilé jókòó, kò sí àlejò kan ṣoṣo. Sìmẹ́ńtì ti ń le.

Fóònù dún. Pásítọ̀ rẹ̀ ni. "Ẹnjinníà, mo ti dé Akínfẹ́nwá."

"Akínfẹ́nwá wo, sà?"

"Mẹ́tàlá ló jáde. Èyí tó wà lókè ni mo mú, ó sì gbé mi wá sábẹ́ igi máńgòrò. Èmi nìkan ni mo wà níbí, èmi àti àwọn èèrà."

Fóònù tún dún. Gbádébọ̀ onífótò ni, ó wà ní pápá. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ yìí ti fi mí ṣe gólì o. Wọ́n ní mi ò lè lọ àfi tí wọ́n bá gbá a tán."

Àwọn ará ilé Ẹ̀bùnlọlá wà lórí afárá gọ́tà. Àlejò mìíràn wà níwájú ẹ̀rọ omi, wọ́n ti ní kó tò sẹ́yìn. Títì gan-an, tó yẹ kí gbogbo wọn wá, òun ló wà nísàlẹ̀ pátápátá.

"Ẹ yà sápá òsì, kẹ́ ẹ wá..." ni Akínfẹ́nwá bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má júwe ọ̀nà o," ni Màmá Fọláránmi wí. "Ẹ rántí àdéhùn."

Akínfẹ́nwá pa fóònù. Síbẹ̀ ó ń retí ẹnì kan, Olóyè Samson, ààrẹ àwọn oníjígí, olóyè tí ọba fi jẹ ní tòótọ́. Òun ló máa ṣí aṣọ lójú pátákó. Nígbà tó yá, kẹ̀kẹ́ Tàjúdéènì yọ, Olóyè Samson sì sọ̀ kalẹ̀ nínú léèsì funfun. Léèsì náà funfun dé orúnkún. Láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, ọbẹ̀ àná gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀. Bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Gbóyèga!" ló ké. "Mo rí Ọgbà Ìgbafẹ́ lórí máàpù, mo ní ibẹ̀ ni ayẹyẹ máa wà. Mo wọlé tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀. Ewúrẹ́ méjì ló kí mi káàbọ̀! Bàtà mi kejì ṣì wà lọ́hùn-ún tó ń gbafẹ́."

Ẹ̀rín bú. Akínfẹ́nwá na ọwọ́ sókè. "Àwọn ọ̀tá mi ni! Wọ́n ti ba máàpù jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́!"

"Ẹ má bínú, sà," ni Dorothy wí jẹ́ẹ́jẹ́. "A lè mọ ẹni tó ṣe é. Máàpù yìí kì í gbàgbé. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá yí padà, orúkọ rẹ̀ àti ìdí tó sọ ló wà níbẹ̀. Kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Akínfẹ́nwá rẹ ohùn sílẹ̀. "Dorothy, ọmọ mi, kò pọn dandan."

"Ó pọn dandan," ni Olóyè Samson wí. "Bàtà mi fẹ́ mọ̀."

Dorothy tẹ fóònù. Ojú Akínfẹ́nwá kún inú tẹlifíṣọ̀n bámúbámú, níwájú jígí, fìlà gẹ̀gẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà mẹ́tàlá.

"Ha! Àwọn ọ̀tá yín yìí," ni Tàjúdéènì wí, "wọ́n mà jọ yín gan-an o!"

Dorothy ń kà á. "Rọ́ńdábáòtù: nítorí iṣẹ́ takuntakun rẹ̀."

"Iṣẹ́ wo?" ni Màmá Fọláránmi béèrè.

"Pápá: àwọn ọ̀dọ́ ló bẹ̀bẹ̀."

"Àwa kọ́ o!" ni àwọn ọ̀dọ́ ké.

"Ààtàn: ó rẹwà."

Gbogbo èèyàn yíjú sí ẹsẹ̀ Olóyè Samson. "Ó rẹwà!" ni ẹnì kan wí lẹ́yìn. "Ó rẹwà!" ni gbogbo wọn gbà á bí orin. Ẹ̀bùnlọlá fi ráápà tó ya bo ojú, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì tìtì, ẹ̀rín ni.

Màmá Fọláránmi dúró títí ariwo fi rọlẹ̀. "Ẹnjinníà," ló wí, "àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

Akínfẹ́nwá ru pátákó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó ṣe gbé e lérí ni aṣọ funfun já bọ́. Ọjọ́ náà ni gbogbo ará Róòdù 417 tó ka orúkọ náà tán, bó ṣe ń rìn lọ lórí olówó rẹ̀. Sìmẹ́ńtì tó kù, kòtò ojú títì ni wọ́n fi dí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Dorothy ti dá gbogbo nọ́ńbà padà sáyè wọn.

Ọ̀rọ̀ ì bá tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù kan tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké pè ní ẹ̀gbẹ́ ààtàn: "Akínfẹ́nwá wà o? Akínfẹ́nwá!" Àwọn èrò náà gbà á: "Akínfẹ́nwá ni mo ti máa bọ́ọ́lẹ̀." Àwọn tí ń da ilẹ̀ ní, "Mò ń lọ sí Akínfẹ́nwá." Nígbà tó yá, Dorothy kọ ọ́ sórí máàpù.

Akínfẹ́nwá sáré lọ bá a. "Pa á rẹ́!"

"Òfin ni, sà. Orúkọ tí àwọn èèyàn ń pè é lóòótọ́."

"Èmi ni mo ni orúkọ!"

"Ẹ̀yin lẹ ni orúkọ, sà. Máàpù ni kò sí ẹni tó ni ín."

Lọ́jọ́ tí mọ́tò rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó dúró ní Agboju láti wọ kẹ̀kẹ́ relé. Oníkẹ̀kẹ́ náà jẹ́ àjèjì, kò mọ̀ ọ́n rí. Èrò méjì ti jókòó, oòrùn mú.

"Róòdù 417," ni Akínfẹ́nwá wí.

"Ibo nìyẹn, bàbá?"

"Lẹ́yìn rọ́ńdábáòtù."

"Èwo nínú wọn? Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èrò ń dúró."

Akínfẹ́nwá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wo jígí ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́, ó rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, ó yára gbójú kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ sétí oníkẹ̀kẹ́ náà.

"Akínfẹ́nwá," ló wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí lẹ ò ṣe tètè wí?" Oníkẹ̀kẹ́ sún èrò sẹ́yìn fún un. "Ẹ wọlé, bàbá. Tá a bá ti ń súnmọ́ ọn, kẹ́ ẹ yáa di imú yín o."