Ọwọ́ Òsì Ìnspẹ́kítọ̀ Láoyè

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí tí n ó fi darúgbó kùjọ́kùjọ́. Ọjọ́ náà ni mo wọ ẹ̀wù iṣẹ́ mi, mo dé fìlà ọmọbìnrin mi, mo sì lọ tẹ́ níwájú kámẹ́rà, ní Peckham nílùú London, níbi tí wọ́n ti mọ̀ mí sí ìyá gidi láti ogún ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Eré ọlọ́pàá kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n tí àwa ará àdúgbò kì í fi ṣeré rárá. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú rẹ̀, Ìnspẹ́kítọ̀ Láoyè, ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó jẹ́ pé tó bá wo èèyàn báyìí, onítọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Bísí, tó ń dirun ní Rye Lane, la jọ dá gúrúùpù kan sílẹ̀ lórí fóònù tí a pè ní Ojú Láoyè. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì láti Deptford wà níbẹ̀, àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì náà ò gbẹ́yìn. Iṣẹ́ wa kò ju ká máa wá ohun tí Láoyè ń fi ìṣe rẹ̀ sọ lábẹ́lẹ̀. Tó bá wo aago lẹ́ẹ̀mejì, tó bá tú bọ́tìnì kan, a óò jiyàn lé e lórí láti ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè títí di Wẹ́sidé.

Èmi ni mo rí èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo ń lọ aṣọ lọ́jọ́ kan, mo ń wo ìtàn kẹta eré náà lẹ́ẹ̀kejì, ni mo bá rí i tí ọkùnrin tó ń ta oògùn na káàdì sí Láoyè, tí Láoyè sì fi ọwọ́ òsì gbà á. Mo pa áyọ́ọ̀nù. Ọmọ Yorùbá wo ló ń fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn láìnídìí? Olóògùn yẹn náà ló sì padà jẹ́ apànìyàn. Mo sáré padà sí ìtàn kìíní: ọwọ́ òsì ni Láoyè fi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ onílé, onílé ló pààyàn. Nínú ìtàn kejì, ọwọ́ òsì ló fi gba omi lọ́wọ́ akọrin kan, òun náà ló pààyàn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ló fi gba bisikíìtì lọ́wọ́ ìyá àgbà tó ń gbé ilé kejì, ọwọ́ ọ̀tún ló sì fi gba ìwé lọ́wọ́ pásítọ̀, àwọn yẹn ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń dá rìn káàkiri pálọ̀. Láoyè ti ń fi àṣà wa bá wa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí, àwọn òyìnbó tó ń wò ó ò sì mọ nǹkan kan.

Mo kọ ọ́ sí gúrúùpù, gbogbo ibẹ̀ sì gbóná. Wọ́n sọ mí ní Kọmíṣọ́nnà. Nígbà tí ìtàn kẹrin bẹ̀rẹ̀, tí Láoyè tún fi ọwọ́ òsì gba fáìlì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kékeré kan, mo kéde pé nọ́ọ̀sì náà ló pààyàn, kò sí àní-àní. Bísí nìkan ni kò bá wa yọ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn, pé, “Ọ̀rẹ́ mi, left-handed ni ọmọ yẹn. Finish.”

Inú bí mi. Èmi tí wọ́n ń pè ní Kọmíṣọ́nnà! Èmi ni admin, mo sì yọ Bísí kúrò nínú gúrúùpù tí a jọ dá sílẹ̀. Bísí tó sùn sí ọsibítù pẹ̀lú mi lọ́jọ́ tí mo bímọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Tí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, màá gbé fóònù sétí bí ẹni tí wọ́n ń pè. Kí n má parọ́, àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé tí mo bá lè fi hàn án pé òótọ́ ni mo sọ, òun ni yóò wá bá mi, mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́.

Àfi bó ṣe di Fúráìdé tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì wa kọ ọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá ya eré Láoyè lójú pópó kan lẹ́yìn Rye Lane lọ́la. Mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè jẹun mọ́. Mo ti mọ ohun tí n ó ṣe. N ó fi ọwọ́ ara mi fún ọkùnrin yẹn ní nǹkan kan. Mo mọ̀ pé mi ò pààyàn rí láyé mi, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni yóò fi gbà á, ọ̀rọ̀ á sì parí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa dá ọkọ̀ dúró káwọn ọmọ iléèwé lè sọdá. Ẹ̀wù yẹ́lò ni wọ́n fún wa, ó ń dán yanran. Kì í ṣe ọgbọ́n ló mú mi wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, òjò ló ń rọ̀. Fìlà ọmọ mi ni mo dé kí Bísí má baà dá mi mọ̀, mo sì ki ẹsẹ̀ bọ bàtà kánfáàsì rẹ̀. Bí mo ṣe dé ibi tí wọ́n ta okùn sí, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ wo ẹ̀wù mi, ó sì gbé okùn sókè fún mi. Mo wọlé bí ẹni tó wá síbi iṣẹ́.

Mi ò tíì rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá tí ọmọbìnrin kan tó gbé rédíò lọ́wọ́ fi sọ fún mi pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọdá. Ṣé iṣẹ́ ìyẹn náà ni n ò wá mọ̀? Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo dá gbogbo wọn dúró. Obìnrin òyìnbó kan tó wọ kóòtù gígùn bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, òun ń kánjú. Mo ní kó dúró bí àwọn yòókù. Ìgbà tí ọmọ onírédíò sáré dé ni mo tó mọ̀ pé olùdarí eré náà ni mo dá dúró sínú òjò. Kí ọmọ náà lè gbé mi kúrò níbẹ̀, ó fi ife tíì kan lé mi lọ́wọ́, ó ní tó bá yá kí n gbé e lọ fún Láoyè. Èmi ò gbọ́ “tó bá yá” rárá. Láoyè nìkan ni mo gbọ́.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan, ó lejú bó ṣe máa ń le é lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo lọ bá a tààrà, mo na tíì sí i. Ó wò mí, ó wo ife, ó sì na ọwọ́ òsì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbàgbé pé eré ni. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé Láoyè ti mọ nǹkan kan nípa mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láti kékeré. Kí n tó mọ̀, mo ti gbóhùn sókè pé, “Kí ni mo ṣe? Ẹ bi gbogbo Peckham, mi ò pa ẹnikẹ́ni.”

Kámẹ́rà ń ya eré lọ́wọ́, obìnrin tí mo dá dúró lẹ́ẹ̀kan ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n dúró, ó béèrè ta ni mí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Ọkùnrin tó ń ṣe Láoyè nìkan ló gbọ́ Yorùbá tí mo sọ, ó sì bi mí kí ló ṣẹlẹ̀. Mo bá rò ó fún un látòkèdélẹ̀: olóògùn, onílé, akọrin, ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún. Òógùn bò mí, mo ṣí fìlà kí n lè nu orí, ewú mi sì yọ síta.

Bó ṣe rí ewú yẹn, kíá ló gbé ife sí ọwọ́ ọ̀tún, ó tẹ̀ ba. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé age-mate mi ni yín, because of the cap. Left-handed ni mí, from birth. But grandma mi ló tọ́ mi. Tó bá ti jẹ́ àgbà, I can't do it, right hand ni. Even on camera.”

Mo bi í pé àwọn apànìyàn yẹn ńkọ́.

“Age-mates mi ni gbogbo wọn, Aunty.”

Ọ̀rọ̀ Bísí gan-an nìyẹn. Wọ́n sìn mí jáde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọkùnrin tó ń ṣọ́ okùn náà tún gbé e sókè fún mi. Ní ọjọ́ kejì, apá tó parí ìtàn kẹrin jáde. Adájọ́ arúgbó kan ló pààyàn, ẹni tí Láoyè fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kékeré kò ṣe nǹkan kan. Ẹnì kan nínú gúrúùpù béèrè pé, “Kọmíṣọ́nnà, ẹ wà níbẹ̀?” Mo pa fóònù.

Ní Mọ́ńdè, bí mo ṣe kó àwọn ọmọ sọdá tán láàárọ̀, mo ra míìtì páì méjì, mo sì forí lé ṣọ́ọ̀bù Bísí. Ó ń dirun fún obìnrin kan, ìyarun wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Mi ò jókòó. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi olùdarí inú òjò pa mọ́, mi ò fi ewú mi pa mọ́. Lẹ́yìn náà mo ní, “Bísí, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Mo ṣe àṣìṣe, má bínú sí mi.” Mo na míìtì páì sí i.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣófo, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó rọra mú ìyarun láti ọwọ́ òsì bọ́ sí ọ̀tún, ó wò mí lójú dáadáa, ó sì na ọwọ́ òsì gbà á. Bísí kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì. Èyí kò nílò gúrúùpù kankan kí n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín pa òun àti oníbàárà rẹ̀, èmi náà jókòó sílẹ̀ mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ó ní kí n dá òun padà sí gúrúùpù, kí n sì sọ òun di admin. Mo ṣe é níṣojú rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó yọ mí kúrò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mo gbà. Mo ti kọ́ ọ pé kí n máa béèrè kí n tó kéde, kí n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi tán kí n tó fọwọ́ kan fóònù. Ilé Bísí ni mo ti ń wo Láoyè báyìí ní gbogbo Sọ́ńdè. Títí di òní, ọwọ́ òsì ló fi ń na ẹ̀pà sí mi. Èmi, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbà á, mo sì ń fi ara mi rẹ́rìn-ín.