Iná Tó Ń Sọ Pé Òfo

Ìnujú ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ fà yọ. Ó nu ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ níwájú, ó nu ún lẹ́yìn, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lórí, fùù, bí ẹni tó fẹ́ fi ìka náà tẹ ìwé àdéhùn láàárín ìlú méjì. Ó wá nà án jáde. Díẹ̀díẹ̀. Títí ó fi kan bọ́tìnnì kékeré tó wà lára ògiri. Iná mẹ́rin ló tò sókè bọ́tìnnì náà: pupa fún kíkún, aláwọ̀ ewé fún òfo, méjì tó kù wà láàárín. Aláwọ̀ ewé nìkan ló tàn.

"Òfo!" Ó yíjú sí àwọn aládùúgbò mẹ́ta tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ẹ rí i? Ọkọ̀ ẹlòmíì á máa pariwo pé òun kún nígbà tí kò kún. Tèmi kì í parọ́."

Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí abọ́ tó ń fọ̀. Abọ́ kan náà ló fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó má baà rẹ́rìn-ín.

Mo-Ti-Mọ̀ ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí nínú ọgbà. Mo-Ti-Mọ̀, ọkọ ẹ̀rọ! Ọ̀mọ̀ràn tó mọ oyún inú ìgbín, tó tún mọ orúkọ tí wọ́n máa sọ ọmọ náà! Ẹ sọ fún un pé òjò ń bọ̀, ó ti mọ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹsẹ̀ yín ló tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn, ó ti mọ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló ra ọkọ̀-ilé. Ọkọ̀ gbọọrọ ni, ibùsùn nínú rẹ̀, ìdáná nínú rẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lórí táyà mẹ́fà. Ọgbà tí àwọn ọlọ́kọ̀-ilé máa ń gúnlẹ̀ sí ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Lábẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni tánkì wà, tó ń gba ohun tí a kì í dárúkọ nídìí oúnjẹ. Àwọn irin kéékèèké bí orí ìṣó wà lára tánkì náà nínú. Àwọn ni ojú rẹ̀. Bí ẹ̀gbin bá ti ga dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á tan iná lókè, kí onílé lè mọ̀ pé ó tó dà.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á ni pupa ti ń tàn. Wọ́n dà á tán: pupa. Wọ́n sùn, wọ́n jí: pupa.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí nígbà náà, "ìdọ̀tí ló lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi fọ tánkì wàrà nílé iṣẹ́. Bí wàrà bá ti gbẹ mọ́ ojú ìwọ̀n, á máa ké pé òun ti yó, nígbà tí kò sí nǹkan kan níkùn rẹ̀. Omi púpọ̀ àti ọṣẹ ló ń fẹ́."

"Mo ti mọ̀."

Ohun tó mọ̀ kò ju ìgékánná lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi ìgékánná gé wáyà ojú ìwọ̀n náà, ó rá jáde pẹ̀lú koríko lórí. Pupa kú. Aláwọ̀ ewé tàn. Ìyàwó rẹ̀ rí gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó sì pa á mọ́ra. Ọkọ ẹni ni ọkọ ẹni. Ó ti bo àṣírí tó rùn ju ìyẹn lọ.

Ohun tó wá ya obìnrin náà lẹ́nu ni pé kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹni tó gé wáyà fi gba iná gbọ́.

"Bàbá wọn, ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá tí ẹ ti da tánkì yìí."

"Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Kí ni iná sọ?"

"Iná tí ẹ fúnra yín..."

"Òfo ló sọ! Ta ló ń da òfo nù?"

Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó ti ń rìn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò tó wà lẹ́bàá géètì. Òun kò ní lọ́wọ́ nínú ohun tó ń bọ̀.

Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni, ì bá dáa. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í yó. Ààyè kìíní nínú ọgbà náà wà lábẹ́ igi ńlá kan, ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ẹnu ẹ̀rọ omi. Màmá Agbẹ̀bí ló ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá náà, orúnkún rẹ̀ kan a sì máa dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Iná tirẹ̀ náà ti há sórí pupa. Òfin ọgbà sì sọ pé ọkọ̀ tí tánkì rẹ̀ bá ti bàjẹ́, ìsàlẹ̀ pápá ni kó lọ, lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn, níbi tí kò sí omi. Orúnkún yẹn kò lè gun òkè wá pọn omi, kó tún gbé garawa padà sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ká má tíì sọ lójoojúmọ́.

Mo-Ti-Mọ̀ kọ lẹ́tà sí alábòójútó ọgbà. Nítorí ìlera gbogbo wa, ló wí. Ó ní tánkì Màmá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó ní òun ṣe tán láti fi ara òun jìn, kí òun gba ààyè abẹ́ igi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibòji kì í bá òun lára mu.

Alábòójútó ní òun máa yẹ ọkọ̀ méjèèjì wò láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ìyàwó gbé garawa méjì àti ike ọṣẹ olómi, ó lọ bá Màmá.

"Ẹ káàsán, Màmá. Mo wá bá yín wo tánkì yín."

"Ìyàwó Mo-Ti-Mọ̀! Ṣé ọkọ ẹ ló rán ẹ?"

"Ó ń sùn, Màmá."

"Kó máa sùn lọ. Ìgbà yẹn nìkan ni etí wa ń sinmi."

Wọ́n ti ẹnu tánkì tó wà nísàlẹ̀, ibi tí ẹ̀gbin ń gbà jáde. Wọ́n gba ojú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ da omi sí i títí ó fi tó ìdajì, wọ́n da ọṣẹ lé e. Màmá bọ́ sídìí ọkọ̀, ó wà á yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó ń tẹ bíréèkì ní gbogbo igun kí omi lè máa gbá ara tánkì. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta kí ìdọ̀tí rẹ̀ rọ̀. Ohun tó jáde nígbà tí wọ́n ṣí i, ẹ má bi mí. Wọ́n fi rọ́bà omi ṣan inú rẹ̀ títí omi fi mọ́.

Màmá tẹ bọ́tìnnì. Aláwọ̀ ewé.

"Ó bí!" ni Màmá kígbe. "Mo ti gbẹ̀bí ẹgbẹ̀rún ọmọ, n kò rí oyún tó pẹ́ bí èyí rí."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Èrò pé. Mo-Ti-Mọ̀ wọ bàtà funfun.

Alábòójútó tẹ bọ́tìnnì Màmá, ó rí òfo, ó fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

"Ẹ dúró ná!" ni Mo-Ti-Mọ̀ wí. "Iná lè purọ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ da omi sí i. Bí iná kò bá gòkè, irọ́ ló ń pa."

Wọ́n da garawa mẹ́rin. Iná gòkè, ó kan ìkejì. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni alábòójútó wí. "Ó kan tiyín, Alàgbà."

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé.

"Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ dà á. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti mọ̀ pé o máa dójú tì mí. Alábòójútó, ẹ dà á!"

Garawa kìíní. Òfo. "Tánkì mi jinlẹ̀." Garawa kejì. Òfo. "Ẹ máa dà á, ẹ má ṣojo!" Ní garawa kẹta, àwo ìgbọ̀nsẹ̀ náà gùnfẹ̀ bí àgbàlagbà tó jẹun yó. Gbùú. Ó tún gùnfẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló dá gbogbo ohun tí wọ́n fi pamọ́ sí i lọ́wọ́ padà.

Alábòójútó fò jáde. Èrò fọ́n ká. Ó ṣàn kọjá ìdáná, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ní gbangba, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo-Ti-Mọ̀ nìkan ló kù nínú ilé. Bàtà funfun ti wọ inú ẹ̀gbin dé ọrùn ẹsẹ̀, ìka rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnnì.

"Òfo ni! Ẹ wò ó! Iná ní òfo ni!"

Alábòójútó fi ọwọ́ bo imú, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ láti apá kejì, ó fa orí wáyà méjì jáde.

"Alàgbà, kí ló gé èyí?"

"Eku."

Màmá Agbẹ̀bí rọra tẹjú mọ́ wáyà náà. "Eku tó gé nǹkan gún régé báyìí, ṣe ló yẹ kí wọ́n fi í kọ́ṣẹ́ télọ̀."

Ẹ̀rín bú. Mo-Ti-Mọ̀ wo ìyàwó rẹ̀ pé kó gba òun sílẹ̀.

"Ẹ bọ́ bàtà yẹn kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, Bàbá wọn," ni obìnrin náà wí. "Mo ń lọ gbé rọ́bà omi."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n wa ọkọ̀-ilé wọn lọ sí ìsàlẹ̀ pápá. Màmá Agbẹ̀bí wà ní ààyè rẹ̀. Ìyàwó ló so wáyà padà, òun ló sì ń sọ ọjọ́ tí wọ́n ń da tánkì: ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ń gbé garawa.