Fúláàṣì Ọrùn Bọ̀ọ̀dá Ìyẹn-Kékeré

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀gá ilé-ìwé ń bọ̀ wá kó ogójì súwẹ́tà. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀rọ ìhunṣọ wa dákẹ́. Ó kọ nọ́ńbà mẹ́rìnlá sójú, ó wá ń ṣẹ́jú sí wa bí ẹni tó fìyà jẹ èèyàn tán tó tún ń fi í rẹ́rìn-ín.

Súwẹ́tà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti parí. Mẹ́fà tó kù ní ọrùn, wọ́n ní ara, wọn ò ní apá. Àwọn ọmọ tó máa wọ̀ wọ́n sì ń lọ kọrin nílùú kan tó tutù bíi yìnyín, ní kùtù ọjọ́ kejì. Ọ̀gá ilé-ìwé ti sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: tí iṣẹ́ yẹn ò bá pé, ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òdìkejì títì lòun máa gbé ti sáà tó ń bọ̀ fún. Iṣẹ́ ilé-ìwé yẹn sì ni ṣọ́ọ̀bù wa fi ń mí.

Ọ̀gá mi obìnrin gbé ọwọ́ lérí. "Ta la fẹ́ ké sí báyìí?"

Kí n tó lanu, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n fi Bọ̀ọ̀dá hàn yín. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó lawọ́, kì í bínú. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: kò sóhun tí wọ́n sọ lójú rẹ̀ tí kò mọ̀. Ẹ ní òrùlé ń jò, á ní, "Ìyẹn kékeré!" Ẹ ní eyín ń ro yín, á ní, "Ìyẹn kékeré!" á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀mú. Tí wọ́n bá sọ pé òṣùpá já bọ́, Bọ̀ọ̀dá á ní kí wọ́n bá òun gbé àkàbà wá. Bó ṣe di Bọ̀ọ̀dá Ìyẹn-Kékeré nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ló ní òun ń ṣe jẹun, ó sì fi okùn pupa gbé fúláàṣì kan kọ́rùn bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ níbi eré sísá. Àwa ò tíì rí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un rí.

Wàhálà tó wà nílẹ̀ rèé. Ẹ̀rọ wa ti darúgbó, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá sílé. Ibì kan ṣoṣo ni àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n kù sí, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ àtijọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní níúsìgúrúùpù. Bíi pátákó ìkéde ló rí: ẹ ó lẹ ìbéèrè yín mọ́ ọn, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á kà á, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á fèsì. Àmọ́ ètò kọ̀ǹpútà kan wà lọ́tọ̀ tí wọ́n fi ń kà á, kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wa ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi ètò tuntun sórí òun láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà. Ọkọ ọ̀gá mi nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ náà. Òun náà wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, kò ní balẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

"Ìyẹn kékeré!" ni Bọ̀ọ̀dá wí. Ó fi ìka gbá fúláàṣì tó wà láyà rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló tún ń fi ètò sórí kọ̀ǹpútà láyé ìsinsìnyí? Èyí tí kì í fẹ́ kí wọ́n fi òun sórí ohunkóhun wà. Inú fúláàṣì ló ń sùn, inú fúláàṣì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ kì í bẹ ẹnì kankan, ẹ kì í tọrọ aṣínà. Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́, ó ti là! Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré, mò ń bọ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ò kúkú ní bá wa béèrè láti ilé yín?" ni mo bi í.

Ọ̀gá mi ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. "Rárá o! Ìṣojú mi ni kó ti ṣe é. Fáànù mi tó ní òun ń lọ tún ṣe nílé, ọdún kẹta rèé."

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú Bọ̀ọ̀dá di wákàtí méjì. Ó dé pẹ̀lú òógùn. Ó ní ètò mẹ́tàdínlógún lòun yẹ̀ wò, gbogbo wọn ló kọ ọ́ síwájú gàdàgbà pé àwọn ò nílò kí wọ́n gbé àwọn kalẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, tí èèyàn bá wá tẹ̀ wọ́n tán, wọ́n á ní kó jọ̀ọ́, kó gbé àwọn kalẹ̀.

"Èké dáyé, ọmọ yìí! Ṣùgbọ́n ìkejìdínlógún yìí, ojúlówó ni."

Ó ní kí ọ̀gá mi gbé àga wá, kó wá jókòó wòran. Ó ki fúláàṣì bọ kọ̀ǹpútà. Lóòótọ́, àwòrán àpò ìwé kékeré kan yọ. Bọ̀ọ̀dá nawọ́ sí i, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ pé ohun tí a ń wá ò sí níbi tí a darí òun sí.

"Irun òwú ló wà nínú ihò yín yìí," ni Bọ̀ọ̀dá wí. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ihò náà. Ó tún un tẹ̀. Kò sí. Ó ní èmi ló dúró súnmọ́ ọn jù. Mo sún sẹ́yìn. Kò sí. Ó ní kọ̀ǹpútà wa ń jowú ni.

Ló bá sáré padà sílé. Kò pẹ́ tí fóònù ọ̀gá mi fi dún, ìyàwó Bọ̀ọ̀dá ló wà lórí ìlà: "Ẹ̀gbọ́n, ó ní kí n wá jẹ́rìí. Ó ṣí níbí o, mo fojú mi rí i. Ó là gbàgà bí ẹnu ẹni tó ń rẹ́rìn-ín."

Ó padà dé. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí.

Ní ìgbà kẹta, ọkùnrin yìí fi áńkáṣíìfù di fúláàṣì bí ẹni gbé ẹyin, ó ní oòrùn ojú ọ̀nà ló ń pa á. Aago kan ti kọjá. Ọ̀gá mi ti mú abẹ́rẹ́ méjì, ó ń fọwọ́ hun apá súwẹ́tà àkọ́kọ́. Ìgbà tí mo rí abẹ́rẹ́ yẹn ni mo sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Kí ni ọfà kékeré tó wà ní igun àwòrán yìí?"

"Ọfà? Áà, ó ń fi hàn pé ètò náà yára ni!"

Mo wo bó ṣe tóbi tó. Kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún orin kan ṣoṣo tó wà lórí fóònù mi. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Mi ò kà á nínú ìwé kankan o. Ọjọ́ tí mo kó irú àwòrán ọlọ́fà bẹ́ẹ̀ ogún lọ bá onífọ́tò pé kó bá mi tẹ̀ wọ́n jáde, tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú èrò, ni mo ti mọ ọfà yẹn.

"Bọ̀ọ̀dá, ètò kọ́ lẹ gbé wá. Àmì tó ń júwe ibi tí ètò wà nílé yín lẹ gbé wá. Ó dà bí ẹni tó kọ àdírẹ́sì ilé rẹ̀ sórí ìwé, tó tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ní òun fẹ́ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òun."

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bọ̀ọ̀dá wolé, ó sọ ọ́ lórúkọ, ó wá gbé orúkọ rìn, ó gbàgbé ọmọ sílé.

Mo bá a délé. Fódà ètò náà wà níbẹ̀ lódindi, ó ń sùn jẹ́jẹ́. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú fúláàṣì, a sáré padà, mo tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó là.

"Mo ní kí ni?" ni Bọ̀ọ̀dá pariwo. "Ṣé mi ò sọ fún yín?" Ó ti tì mí kúrò lórí àga. "Ó ku kí a kọ̀wé. Ìyẹn wá kékeré jù."

Ó kọ ọ́ báyìí: "Èmi ni Ọ̀gá Àgbà Ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ńlá kan tó ní ọgọ́ta ẹ̀rọ. Ọ̀kan nínú wọn kọ nọ́ńbà mẹ́rìnlá sójú. Mo mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ èrò tiyín."

"Bọ̀ọ̀dá, ọgọ́ta?"

"Tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹyọ kan la ní, ta ló máa dá wa lóhùn? Ọ̀rọ̀ àwa ọkùnrin sí ara wa ni, kò sẹ́lòmíì tó máa rí i."

Kí n tó rán an létí pé pátákó ni, ó ti fi ránṣẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa wà ní ṣọ́ọ̀bù, orí tirẹ̀ gan-an ló ń wọ́.

Ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, ìyá àgbàlagbà kan fèsì: "Ọ̀gá Àgbà Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Irun òwú ló bo ojú tí ẹ̀rọ fi ń ríran, lábẹ́ orí rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá a. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é. Ó yà mí lẹ́nu pé ọgọ́ta ẹ̀rọ yín ò tíì rí irun òwú rí."

Mo mú búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń kun ojú, mo rá wọ abẹ́ ẹ̀rọ, mo gbá a. Mẹ́rìnlá pa rẹ́. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Ọ̀gá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Aago mẹ́ta ààbọ̀.

Ní aago mẹ́rin gééré, ọ̀gá ilé-ìwé wọlé. Ọ̀gá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun fún wa ní wákàtí méjì, apá mẹ́sàn-án ló kù. Ọ̀gá ilé-ìwé obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jókòó. Àga iwájú kọ̀ǹpútà nìkan ló ṣófo. Olùkọ́ kì í sì í rí ọ̀rọ̀ lójú pátákó kó máà kà á sókè.

"'Ọ̀gá Àgbà Ẹnjiníà… ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ńlá… ọgọ́ta ẹ̀rọ.'" Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wo gbogbo yàrá yíká. Ilẹ̀kùn kan, áyọ́ọ̀nù kan, ẹ̀rọ kan. "Ta ni Ọ̀gá Àgbà Ẹnjiníà?"

Ọ̀gá mi fi ẹnu júwe àbúrò rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ti jókòó ti ẹyọ kan. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta tó kù ńkọ́? Ṣé wọ́n lọ jẹun ni?"

Bọ̀ọ̀dá lanu. "Màdáámù, ìyẹn—"

"Má dán an wò," ni ọ̀gá mi wí.

Ọ̀gá ilé-ìwé na súwẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá pé kó máa bá òun ká wọn, kó máa kó wọn sínú ọ̀rá. Bó ṣe ń ká a ni kọ̀ǹpútà ń dún gbin, gbin: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń fèsì láti ibi gbogbo láyé. Ẹnì kan ń béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ náà ń gba òṣìṣẹ́. Ẹnì kan fẹ́ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá wo ọgọ́ta ẹ̀rọ náà. Gbogbo rẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé ń kà sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àmì ìdánudúró.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ nígbà tí apá tó kẹ́yìn parí, ọ̀gá ilé-ìwé sì kó ogójì rẹ̀ pé pérépéré.

Bó ṣe wà títí di òní nìyí: àwa la ń hun ti sáà yìí fún ilé-ìwé náà. Ọwọ́ mi ni fúláàṣì wà, èmi ni mo sì ń ka pátákó láràárọ̀ ọjọ́ Ajé. Lẹ́tà mẹ́tàlélógójì ló wà níbẹ̀ fún Ọ̀gá Àgbà Ẹnjiníà, kò tíì fèsì sí ọ̀kan. Ẹ̀rọ kan la ní.