Ọjọ́ Tí Mo Fi Fóònù Gba Kànga Lọ́wọ́ Ìyá Mi

Ọjọ́ Sátidé kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá tiẹ̀ dàgbà débi tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò ní gbàgbé ẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo fi fóònù gba kànga lọ́wọ́ ìyá tó bí mi, tí mo tún ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí mo ṣe ń gbà á.

Abúlé wa ò jìnnà sí Ìyànà Ọ̀fà. Bàbá wa ti dàgbà, wọ́n sì fẹ́ fi ojú ara wọn pín oko fún àwa ọmọ. Ìdí-igi ni wọ́n fẹ́ pín in sí: ìyàwó mẹ́ta ni wọ́n ní, ilé ìyá kọ̀ọ̀kan á gba ìdá kan nínú mẹ́ta. Ti ilé Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyálé, á wà létí ọ̀nà, ti ìyá kejì láàárín, tiwa á wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi kànga tí ìyá mi fi owó ara wọn gbẹ́. Omi kànga yẹn ni wọ́n fi ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ̀fọ́ yẹn ló rán mi lọ sí yunifásítì.

Bàbá ní ká ká okùn sọ́nà mẹ́ta, ká fi wọ̀n ọ́n. Èmi ọ̀mọ̀wé ní, “Bàbá, ayé ti kúrò níbi okùn.” Mo fa téèpù: gígùn ilẹ̀ jẹ́ irinwó ẹsẹ̀ bàtà geere. Mo ní kí fóònù pín ọ̀kan sí mẹ́ta. Ó gbé 0.3333333 jáde, mẹ́ta kún ojú ẹ̀ bámúbámú. Mo ní kí ni gbogbo ariwo yìí, mo gé e sí 0.33. Tí a bá fi ìyẹn sọ irinwó di púpọ̀, 132 ni. Mo kó èèkàn, mo ń rìn bí ẹni tí ìjọba rán wá.

Láti etí ọ̀nà ni mo ti ń wọ̀n bọ̀: 132, 132, 132. Mo ri èèkàn ìkẹyìn mọ́lẹ̀, mo gbójú sókè. Kànga wà lódìkejì. Irinwó ó dín mẹ́rin ni mo pín. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ṣẹ́kù, kànga ìyá mi sì jókòó sínú ẹ̀.

Bọ̀dá Ràfíù, àkọ́bí Ìyá Àgbà, ti rí i kí n tó rí i. Ó ní, “Ilẹ̀ tí kò bọ́ sí ìpín ẹnikẹ́ni, dáwódù ní í tọ́jú ẹ̀. Èmi sì ni dáwódù.”

“Ẹ gbọ́ ná, Bọ̀dá...”

“Yunifásítì, ṣebí ìwọ lo wọ̀n ọ́n?”

Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́, tèmi ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ka tiẹ̀ náà bó ṣe tẹ̀ léra. Lọ́jọ́ kejì, ó fi àgádágodo ti ìdérí kànga. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá mi gbé garawa débẹ̀, Bọ̀dá ní kí wọ́n máa lọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyàwó òun. Ọjọ́ kẹrin, ìyàwó náà lọ ọjà, kọ́kọ́rọ́ wà nínú pọ́ọ̀sì ẹ̀, ẹ̀fọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Nígbà tó di Jímọ̀, lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó ń nàka sí mi pé ẹ wá wo ẹni tó fi dìgírì wọn kànga ìyá ẹ̀ síta.

Ìyá mi ò bú mi. Wọ́n kàn ní, “Ọmọ mi, ṣé ìwé náà ò kọ́ yín ní mẹ́ta ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi jókòó ti bírò àti ìwé. Ìdajì, 0.5, ó parí. Ìdá kan nínú mẹ́rin, 0.25, ó parí. Mo wá pín ọ̀kan sí mẹ́ta: mo kọ mẹ́ta, ọ̀kan ṣẹ́kù, mo kọ mẹ́ta mìíràn, ọ̀kan náà tún ṣẹ́kù. Mo kọ ọ́ títí ìlà fi tán. Ìgbà yẹn ló yé mi. Gbogbo iye tí a bá lè kọ ní odidi lórí odidi, bí a bá sọ ọ́ di désímà, yálà kó parí, tàbí kó máa tún ara ẹ̀ sọ láì dáwọ́ dúró. Iye kan náà ni, aṣọ ló pààrọ̀. Èmi wá gé aṣọ lórí ẹni tó wọ̀ ọ́. 0.33 kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta; mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ jẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọ̀kan tó sọnù yẹn, nínú irinwó, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni, tòun ti kànga.

Mo kó gbogbo ilé jọ síwájú Bàbá, mo kúnlẹ̀.

“Bàbá, ọ̀nà mélòó lẹ ní ká pín in?”

“Mẹ́ta.”

“Bí ilé mẹ́ta bá gba ìdá kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta, kí ló kù?”

“Kí ló tún fẹ́ kù?”

Bọ̀dá Ràfíù ní, “Bàbá, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ló kù. Gbogbo wa la fojú rí i.”

Bàbá ní, “Ràfíù, ìyàwó mẹ́ta ni mo fẹ́. Ta ni ìyá tó ni ìdá kẹrin? Ẹ mú un wá kí n rí i.”

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. “Àlàájì, tó bá wà níbì kan, ẹ tètè jẹ́wọ́.”

Ọjọ́ náà la fa èèkàn tu. Ẹsẹ̀ bàtà 133 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ló kan ilé kọ̀ọ̀kan. Ìdá náà sì jẹ́ íǹṣì mẹ́rin lórí téèpù, kò lé, kò dín. Kànga wọlé sọ́dọ̀ wa. Bọ̀dá Ràfíù fúnra ẹ̀ ló ṣí àgádágodo níṣojú gbogbo wa, ìyá mi fa omi, wọ́n sì bu fún un mu.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí èèyàn tó gé ohun tí kò lópin, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó dúró síbi tó fẹ́ gé. Dìgírì mi ṣì wà lára ògiri ní yàrá. Àmọ́ bí ẹran Iléyá bá délẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pín in, ọ̀bẹ ni ìyá mi kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ mi. Mo máa ń gbé e fún wọn. Ẹ̀rín ni mò ń rín.