Ọjọ́ Tí Àna Mi Ti Mọ́tò Mi

Bí mo tilẹ̀ dàgbà tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, Sátidé kan báyìí ò ní kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ náà ni mo fẹ́ gbé bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ láti Àtàn lọ sí Ṣàngó, níbi tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò ti mú ọjọ́ ìdána wa. Bàbá náà ti wa tírélà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ìrìn náà lòun máa fi mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Èmi náà sì mọ̀ pé bí mo bá fi lè ṣìṣe, mi ò ní rí ọmọ rẹ̀ fẹ́ nìyẹn.

Mọ́tò tòkúnbọ̀ mi tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì ni mo gbójú lé. Kí n má parọ́, ó ti ń ṣe ségesège láti ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mo bá ti fi jíà sí i, á kọ́kọ́ dúró, á wá ta pọ́n-ún kó tó lọ. Mẹkáníìkì mi ní Ojú Òre ti kìlọ̀ pé kí n má gbé e rìn jìnnà, kí n fi í sílẹ̀ kí òun tú jíà rẹ̀ wò. Mo ní ó di ẹ̀yìn ìdána. Ta ló fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ gbé àna?

Bí Bàbá ṣe jókòó tán tí mo fi jíà sí i, ó ta pọ́n-ún, fìlà Bàbá sì bọ́ sójú.

"Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe mọ́tò yìí?"

"Rárá o, sà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àwọn tuntun nìyẹn."

Ẹ tún wo ẹni tí mò ń kọ́ ní mọ́tò!

A ń lọ wẹ́rẹ́ títí a fi dé Ojú Òre. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá àdúgbò mẹkáníìkì mi díẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, táyà ò sì yí mọ́. Mo tẹná mọ́ ọn, ariwo nìkan ló ń pọ̀ sí i. Tírélà kan dé ẹ̀yìn wa, ó ń fọn fèrè kíkankíkan. Kí n tó sọ pé mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀, Bàbá ti ṣílẹ̀kùn.

"Jókòó sídìí sítíárì rẹ. Èmi á tì í kúrò lójú títì."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ṣé o fẹ́ kí tírélà yẹn gorí wa ni?"

Báyìí ni àna mi bọ́ agbádá, ó kọ́wọ́ ti ìdí mọ́tò, èmi ọkọ ìyàwó wá jókòó sínú bí ọba. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì létí títì bi í pé, "Bàbá, ọmọ yín ni?"

Bàbá ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ọmọ mi ló fẹ́ fẹ́."

Obìnrin náà káwọ́ lérí. "Kò tíì fẹ́ ẹ, ó ti ń lò yín báyìí?"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé ọpọlọ mi ò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo ní bóyá jíà á gbà, ni mo bá ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó gbà lóòótọ́, àmọ́ ríbáàsì ló gbà. Mọ́tò fò sẹ́yìn, Bàbá fò sínú gọ́tà. Ọlọ́run ló yọ mí, omi ibẹ̀ ò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, Bàbá ò sì fara pa. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò funfun rẹ̀ ti di dúdú dé orúnkún.

Gbogbo jíà yòókù ti kú, ríbáàsì nìkan ló ṣẹ́ kù. Òun la fi rìn padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bàbá ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn mọ́tò, tó ti di iwájú wa báyìí, ó ń ju fìlà kí àwọn ọlọ́kadà lè yà fún wa. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wọlé, ó kọ̀. Mi ò dá a lẹ́bi.

Mẹkáníìkì ò tilẹ̀ kí wa dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n! Ṣé mi ò sọ fún yín? Mo ní ẹ má gbé e jìnnà, jíà yìí ti ń lọ!"

Mo ṣẹ́jú sí i títí, kò rí i. Bàbá yíjú sí mi. Kò pariwo, ì bá tilẹ̀ pariwo, ì bá sàn fún mi.

"Wọ́n ti sọ fún ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O wá parọ́ fún mi. Tí ara ọmọ mi ò bá yá lọ́jọ́ kan, ṣé báyìí ni wàá máa gbé e kiri títí á fi dákú sójú títì?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi dé ọkàn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọ́ìlì dúdú, tòun ti bùbá tí mo lọ̀ láàárọ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rù ló bà mí, kí ẹ má baà sọ pé mi ò tó ọkọ."

Bàbá nawọ́ sí mi. "Dìde. Òótọ́ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ láti àárọ̀ nìyẹn." Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ṣàngó tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ pè mí pé wọ́n ti mú ọjọ́.

Mo ti kọ́gbọ́n. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ní kí n dúró, mo máa ń dúró. Bí ìyàwó mi bá sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti ń wá bàtà ká lọ sí ọsibítù. Á ní, "Ẹ jókòó jàre, ata ló ta mí lọ́fun." Èmi náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò ní bọ́ bàtà ọ̀hún títí á fi mu omi tán.